Ọmọ Ilé Ajíbóyè

Àlí fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó fi ọṣẹ tẹ̀lé e, kí ó tó fa fọ́ọ̀mù náà jáde láti inú àpò ìwé. Ó tẹ́ ẹ sórí pákó tó fi ń tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létí odò, ní Lọ́kọ́jà àtijọ́, ó sì fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Bí ó ṣe máa ń ṣe sí ẹ́ńjìnì tí kò rí irú rẹ̀ rí ló ṣe sí i. Kò tètè fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ wo ibi tí apá kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ èkejì.

Orúkọ rẹ. Èyí kò le. Orúkọ baba rẹ. Kò le. Ìlú rẹ. Bíírò rẹ̀ dúró níbẹ̀. Lábẹ́ ìlú ni agbo ilé wà, lábẹ́ agbo ilé ni orúkọ olórí agbo ilé, lábẹ́ ìyẹn ni ibi tí olórí náà yóò tẹ̀ka sí, lẹ́yìn rẹ̀ ni òǹtẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí kò bá sí ìlú, gbogbo ìyókù kò ní ohun tí wọn yóò dì mú. Ìwé ọmọ onílẹ̀ ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní índíjíìn. Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ń wá a, ẹni tó fẹ́ ṣe ṣọ́jà ń wá a. Àlí ń wá a kí ó lè fẹ́ Tìmílẹ́yìn.

Kò sí ẹni tó máa ń sọ pé Àlí kì í ṣe ọmọ Lọ́kọ́jà, àfi bí ọ̀rọ̀ bá dórí ìwé. Baba tó bí baba baba rẹ̀ ló di ẹrù aṣọ ní Ìlọrin, tó wá ń tà á létí odò láyé àwọn òyìnbó tó ń ra epo pupa. Kò padà mọ́. Inú Lọ́kọ́jà ni wọ́n sin ín sí, òun àti ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀, títí kan baba Àlí fúnra rẹ̀. Àlí ń sọ Núpé pẹ̀lú àwọn ọlọ́kọ̀, ó ń fi Haúsá ná ọjà, ó sì gbọ́ Igálà dé ibi tó lè fi bá èèyàn jà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́. Ó kàn ń tú ẹ́ńjìnì, ó ń tò ó, ó tún ń tú u, títí tó fi mọ ohun tí irin kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ọdún 2022 ni òun àti Tìmílẹ́yìn pàdé, nígbà tí odò kún tó gba ojú títì Ganaja, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èrò níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Èrò ni Àlí lọ́jọ́ náà. Láàárín omi, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ pé òrùlé rẹ̀ nìkan ló yọ, ẹ́ńjìnì kú. Awakọ̀ fa okùn títí èjìká fi ro ó. Àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Àlí ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ó rí i pé iná ń ṣẹ́ níbẹ̀. Ó tú ife kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀, omi àti ẹrẹ̀ ló bá nínú rẹ̀. Ihò tí epo ń gbà kò tó ojú abẹ́rẹ́, ẹrẹ̀ sì ti dí i pa. Ó béèrè ẹni tó ní ohun tó tín-ín-rín ju ọwọ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan tó gbé báàgì sórí itan yọ yẹtí rẹ̀ kan.

"Wúrà ni o," ó ní.

"Kò ní mọ̀ pé wúrà ni."

"Ta ni kò ní mọ̀?"

"Ẹ́ńjìnì," ni Àlí fèsì.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Àlí na ìkọ́ yẹtí náà, ó fi gún ihò, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó tún gún un. Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn, ó béèrè ìdí tí wọ́n fi dá ihò náà kéré bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹrẹ̀ lè tètè dí i. Àlí dáhùn pé bí ó bá tóbi jù, epo tí ẹ́ńjìnì lè jó kọ́ ni yóò máa mu, yóò máa mu àmujù, yóò sì há. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa ń bi í ni bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin náà wá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní yẹtí òun ṣì ń rùn bẹntiróòlù, òun wá gba ìtanràn. Tìmílẹ́yìn ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìkàwé kan ní àdúgbò Adankolo ló ti ń ṣiṣẹ́, yàrá kan ló háyà níbẹ̀, ilé baba rẹ̀ sì wà ní Ganaja. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ tí kò bá wá, Àlí á máa tú ohun tí kò bàjẹ́.

Ọdún kejì ni Tìmílẹ́yìn mú Àlí lọ sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Joseph, èèyàn tí kì í gbé ohùn sókè. Ó fún Àlí ní àga, ó bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe wà, ó wá béèrè pé ọmọ ibo ni.

"Ọmọ Lọ́kọ́jà ni mí, sà."

"Lọ́kọ́jà lò ń gbé. Mo ní ọmọ ibo."

Àlí sọ ìtàn baba ńlá rẹ̀ fún un. Ọkàn rẹ̀ ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, nítorí pé onígbàgbọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí sì lòun. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní nínú ẹbí àwọn, ẹni tó ń kírun wà, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà, abọ́ kan náà ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ohun tó ń dun òun yàtọ̀.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin," ó ní. "Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, rédíò ló sọ fún mi pé n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ fi jókòó sórí àga mi. Mo kó ẹrù dé ibí, wọ́n ní àwọn ará Kwara ti wá gba ipò mọ́ àwọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi ní ìlú o, mo ní ilé baba, mo ní ìwé. Ìwọ ò ní ìkankan. Ọmọ tí Tìmílẹ́yìn bá bí fún ọ, kí ni yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù?"

Ì bá rọrùn fún Àlí ká ní bàbá náà pariwo mọ́ ọn. Ó kàn mú un dé ẹnu ọ̀nà ni, ó fọwọ́ lé e léjìká, ó ní kí ó mú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ kan wá, èyíkéyìí ní gbogbo Nàìjíríà, òun yóò sì fún un lọ́mọ.

Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù náà fi wà lórí pákó.

Ó kọ́kọ́ kọ Lọ́kọ́jà. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí irú rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó nídìí tábìlì mọ̀ ọ́n, Àlí ló tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ ṣe. Ó bá Àlí ṣeré, ó ra mínírà fún un, ó ní ará Ìlọrin ni ẹ̀yin, gbogbo ayé ló mọ̀, kí ló dé tí ẹ ò lọ gba tiyín níbẹ̀. Ó dá fọ́ọ̀mù náà padà fún un pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ó gba òmíràn, ó kọ Ìlọrin. Ìyá rẹ̀, Mùsílímátù, tó ń ran fìlà ní yàrá, ṣàlàyé ọ̀nà agbo ilé náà fún un bí ọkọ rẹ̀ ṣe ṣàlàyé fún òun, ó wá bi í pé ìgbà wo gan-an làwọn di àlejò. Àlí rí agbo ilé náà. Ìyá arúgbó kan, Kàrímọ́tù, mọ orúkọ baba ńlá rẹ̀, ó tilẹ̀ mọ orúkọ ìyàwó tó bá a lọ. Inú Àlí dùn. Ṣùgbọ́n olórí ilé ní àwọn tó lọ Lọ́kọ́jà kò wá sin òkú kankan láti ọgọ́rùn-ún ọdún, wọn kò kọ́lé, wọn kò dá owó ìpàdé. Bí òun bá tẹ̀ka, ní ọ̀la wọn yóò ní kí wọ́n pín ilẹ̀ fún àwọn. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, wọ́n sìn ín dé gáréèjì, wọ́n dúró títí ọkọ̀ rẹ̀ fi gbéra. Ọwọ́ tí wọ́n ń jù sí i lójú fèrèsé dùn ún ju èébú lọ.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí Tìmílẹ́yìn bá pè é lórí fóònù, Àlí á ní iṣẹ́ pọ̀. Ohun tó ń rò ni pé bí ẹ́ńjìnì bá ku nọ́ọ̀tì kan, ó mọ ibi tí nọ́ọ̀tì náà ń gbé. Ṣùgbọ́n ta ló wá sọ ọ́ nù nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé baba ńlá rẹ̀ tó di ẹrù ni, tàbí àwọn tó fa ìlà sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀?

Christopher ló dá sí i. Àbúrò ìyá Tìmílẹ́yìn ni, akọ̀wé sì ni ní ìjọba ìbílẹ̀ tó ni Òkè-Ọ̀ṣìn, ìlú Bàbá Joseph, lápá ibi tí wọ́n ti ń kí ara wọn ní Okun. Aláwàdà èèyàn ni, "àna mi" ló ń pe Àlí láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ rí i. Ó ní kí ni Àlí ń da ara rẹ̀ láàmú sí, ṣebí ìwé ni ọkọ ẹ̀gbọ́n òun béèrè, kò béèrè ibi tí wọ́n ti bí ìwé. Bí olórí agbo ilé kan ní Òkè-Ọ̀ṣìn bá ti tẹ̀ka, òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ilé Ajíbóyè nìkan ló mọ̀ dáadáa nínú ìlú náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti lọ́kọ. Ó lọ bá Àgbà Ọláníyì, olórí ilé náà, àbúrò baba tó bí Bàbá Joseph. Ó ní ọmọkùnrin dáadáa kan wà tí ilé baba rẹ̀ ti sọ nù, kí bàbá jọ̀wọ́ fọwọ́ sí i. Kò sọ pé ọkọ Tìmílẹ́yìn ni. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yóò di ti ẹrù ìdána, àgbààgbà yóò pọ̀, ọjọ́ yóò gùn.

Àgbà Ọláníyì ní òun kì í tẹ̀ka sí irọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òun kọ ọ́ pé ọmọ ilé ni, kí wọ́n mú un wá kí ó di ọmọ ilé.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni Àlí lọ. Ó rò pé wọn yóò kàn bi í léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ó bá èèyàn méjìdínlógún lábẹ́ àtíbàbà pákó kan, àgbà lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Bàbá náà ní kí ó ka orúkọ àwọn baba rẹ̀ bí ó ṣe mọ̀ wọ́n, ó kà wọ́n. Bàbá náà tún wọn kà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi orúkọ àwọn baba Ilé Ajíbóyè tẹ̀lé e láìdánudúró, bí ẹni tó ń so okùn méjì pọ̀. Ó pa obì, ó sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ àti àwọn tó ti lọ pé ọmọ àwọn ni èyí láti òní lọ. Wọ́n ní kí Àlí ṣe àdúrà ní ọ̀nà tirẹ̀, ó ṣe é, wọ́n ṣe àmín. Gbogbo wọn jẹ nínú obì náà. Ìyá àgbàlagbà kan fi iyọ̀ sí i lẹ́nu, ó pè é ní ọmọ mi.

"Okun o," ni bàbá náà kí i.

"Okun o," ni Àlí fèsì. Bàbá náà mú un rìn dé ẹ̀yìn ilé, ó fi ilẹ̀ kan hàn án lẹ́bàá igi òrombó, ó ní ibẹ̀ ni yóò kọ́lé sí bí ó bá yá. Àlí yíjú sápá kan, ó ń sunkún. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i rí pé kí èèyàn tọ́ka sí ilẹ̀ kan kí ó ní tirẹ̀ ni. Christopher dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń jẹ iṣu, ó rò pé àṣà àwọn arúgbó lásán ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kò sí ohun kan nínú ọjọ́ yẹn tó fu Àlí lára. Nínú ẹbí tiwọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n lè fẹ́ ọmọ àbúrò, ìmáàmù yóò so ó, èèyàn yóò sì jẹ ìrẹsì. Kò mọ̀ pé ní Òkè-Ọ̀ṣìn, wọn kì í fẹ́ra nínú agbo ilé kan náà, bí ìbátan náà ti wù kí ó jìnnà tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé dé, òǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀. Ó gbé e lọ fún Tìmílẹ́yìn ní Adankolo kí ẹlòmíràn tó rí i. Tìmílẹ́yìn kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ilé Ajíbóyè? Ilé wa nìyẹn. Wọ́n ti sọ ẹ́ di ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá ra ẹran ìgbẹ́ fún ẹ?"

"Kí ó ra méjì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń gbé yàrá kejì fi kan ògiri. Ìgbà tó kẹ́yìn tí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Bàbá Joseph wọ awò ojú kí ó tó ka ìwé náà. Ó kà á tán, ó tún kà á, ó wá fọwọ́ sórí ibi tí wọ́n tẹ̀ka sí. Ó béèrè bóyá bàbá àgbà pa obì. Àlí fi ayọ̀ dáhùn pé ó pa á, àwọn méjìdínlógún ló jẹ nínú rẹ̀. Bàbá Joseph bọ́ awò ojú náà, ó fi aṣọ nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kọ́ ló máa sọ ohun tó kàn, kí gbogbo àwọn jọ lọ sílé ní Òkè-Ọ̀ṣìn.

Wọ́n lọ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Bàbá Joseph, Christopher, Tìmílẹ́yìn àti Àlí. Àgbà Ọláníyì rí Àlí, ojú rẹ̀ tàn, ó ní ọmọ òun ti dé. Ìgbà tí Bàbá Joseph sọ ohun tó gbé wọn wá, ojú náà fà ro díẹ̀díẹ̀. Ó wo Tìmílẹ́yìn, ó wo Àlí, ó wá kọjú sí Christopher.

"O ní ọmọ tí ilé rẹ̀ sọ nù ni. O ò sọ pé ọkọ ọmọ wa ni."

Christopher ní ìwé lásán ni, bàbá, kí ọkọ ẹ̀gbọ́n òun lè fún un lọ́mọ ni.

"Ìwé lásán ni lọ́wọ́ tìẹ. Ká ní o sọ ọ́ ni, obì àna ni mo máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní pa obì ọmọ fún un."

Àlí yọ ìwé náà nínú àpò. Ó ní kí bàbá fà á ya, òun dá a padà, kí wọ́n jẹ́ kí òun di àlejò bí òun ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Mo lè fa ìwé ya," ni àgbà náà wí. "Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún gbogbo ilé pé ọmọ wa ni ọ́, wọ́n sì jẹ obì rẹ̀ tán. Bí mo bá ní kí wọ́n gbàgbé, wọn kò ní gbàgbé. Ọmọ tí ẹ bá bí, bí wọ́n ṣe máa wò ó ni bí ọmọ tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bí. Kò sí ẹni tó máa gbé e jó nínú ilé yìí. Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní ṣe é."

Ó sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ó sì ń wo Àlí lójú. Bàbá Joseph bo ojú rẹ̀. Ó ní bí ìwé bá ya, ọkùnrin yìí di ẹni tí kò ní ibì kankan, bí kò bá ya, ó di ọmọ òun, kò sí ọ̀nà kẹta. Kò sí ayọ̀ nínú ohùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n padà dé Lọ́kọ́jà ni Tìmílẹ́yìn wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Kò jókòó. Ó ní òun ti béèrè, kọ́ọ̀tù wà ní Àbújá tí wọ́n ti ń so ìgbéyàwó, wọn kò ní bi ẹnikẹ́ni ní agbo ilé. Kí wọ́n lọ. Inú ẹbí yóò bàjẹ́, yóò pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn yóò jọ wà.

Àlí di súpánà mú. Ohun tó fẹ́ sọ ni bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń fẹ́ sọ ọ́ láti ọdún méjì. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó yẹn ló ń rí lẹ́bàá igi òrombó, àti ìyá tó fi iyọ̀ sí i lẹ́nu. Ìlú méjì ti sin òun dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín, ìkẹta ló ní kí ó wọlé. Ṣé òun ló máa wá di ẹni tó wọlé, tó sì jí ọmọ wọn gbé?

"Wọ́n á ní torí ẹ ni mo ṣe wá jẹ obì wọn," ó ní.

"Àwọn kọ́ ni mo bi."

"Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Tìmílẹ́yìn gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi máa sọ gan-an lo sọ yẹn," ó ní, ó sì jáde sójú oòrùn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Àlí wọ aṣọ tuntun, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Adankolo. Kò sùn ní gbogbo òru tó ṣáájú, ó ti pinnu. Àbújá ló máa sọ. Tìmílẹ́yìn dá a dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wú, kò pè é wọlé. Ó ní ọ̀sẹ̀ náà ti pé lánàá. Ó ní òun jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, òun ń gbọ́ ohùn gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá, òun sì rí i pé bí èèyàn bá ní láti ro òun fún ọjọ́ méje, yóò tún máa ro òun ní gbogbo ìgbà tí ilé bá bínú. Àlí ní ọjọ́ kan péré ni. Tìmílẹ́yìn gbà pé ọjọ́ kan ni. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Oṣù kọkànlá lẹ́yìn náà, Christopher pè é. Kò pè é ní àna mi mọ́. Ó sọ pé ìdána Tìmílẹ́yìn ti dé, pé Dámilọ́lá lorúkọ ọkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní Obajana, ìlú tó kángun sí tiwọn ló sì ti wá. Bàbá àgbà ka orúkọ àwọn ọmọkùnrin ilé tó gbọ́dọ̀ wà níjókòó, ó ka ti Àlí mọ́ ọn. Ó ní bí kò bá wá, ojú yóò ti òun lójú àna.

Àlí lọ. Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọkùnrin ilé ni wọ́n fi í sí, òun ni ìkẹrin. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlí ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀, kí ó tún un ṣe. Dámilọ́lá tún un ṣe, ó gbójú sókè sí Àlí, ó pè é ní ẹ̀gbọ́n wa. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó hàn lójú rẹ̀. Àlí wá ohun tó lè kórìíra lára rẹ̀, kò rí.

Wọ́n mú Tìmílẹ́yìn jáde, ó kúnlẹ̀. Baba rẹ̀ súre fún un, ìyá rẹ̀ súre. Àgbà Ọláníyì wá ní kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, kí wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n dìde. Àlí gbé ọwọ́ tirẹ̀ sórí ìborùn Tìmílẹ́yìn pẹ̀lú tiwọn, ó sọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé yóò bí, pé yóò tọ́, pé ilé ọkọ yóò sàn án. Ó mọ ìgbà tí Tìmílẹ́yìn mọ ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé ọrùn rẹ̀ le gan-gan lójijì. Kò gbójú sókè. Ó ṣe àmín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ẹrù tí ọkọ ìyàwó kó wá. Wọ́n ń pe orúkọ, ẹni tí wọ́n pè ń dìde. Wọ́n pe Àlí, ọmọ Ilé Ajíbóyè, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìpín ọmọkùnrin ilé.

Ó dé Lọ́kọ́jà nírọ̀lẹ́. Ìwé náà wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sí àlàfo kan nínú rẹ̀ mọ́: orúkọ wà níbẹ̀, ìlú wà, agbo ilé wà, ìka àgbà àti òǹtẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ gbé fìlà tó ń ran sílẹ̀, ó bi í pé níbo ló ti rí iṣu tó tóbi báyìí. Àlí dá a lóhùn pé wọ́n pín in fún àwọn nílé ni. Iṣu méjì àti ìgò oyin kan. Ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ èyí àkọ́kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.